Omi Fàdákà Tí Alàgbà Pín

Adó-Èkìtì, Ọjọ́bọ̀, Oṣù Kẹjọ 1998

Alàgbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù rí mi lára. Bí mo ṣe ń kọ èyí, itọ́ kíkorò ló kún ẹnu mi.

Lánàá, omi ewé efinrin tí mo sè, tí mo dà sínú omi iyọ̀ fàdákà, ṣókùnkùn, ó dà bí kọfí. Fàdákà ti yọ nínú rẹ̀ nìyẹn, wínníwínní tí ojú kò lè rí. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Láàárọ̀ òní, ìgò tí mo fi í sí ti ṣófo. Ó pẹ́ kí Alàgbà tó dé, ẹ̀pà ló sì ń jẹ. Mo bi í léèrè omi inú ìgò.

"Ṣebí àgbo ni? Mo gbọ́ òórùn efinrin lálẹ́ àná. Mo gbàdúrà sí i, mo pín in fún àwọn aláìsàn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà! Iyọ̀ fàdákà tó kù nínú rẹ̀, májèlé ni! Ẹ wo bó ṣe sọ ìka mi dúdú, ọṣẹ kò ràn án."

"Ìgbàgbọ́ tìẹ ló kéré, ọmọ mi." Ó tún ju ẹ̀pà sẹ́nu. Ṣé èèyàn nìyẹn? Mo bi í pé àwọn wo ló fún. Ó ní wọ́n pọ̀, òun ò lè rántí gbogbo wọn.

Mo délé lọ́sàn-án. Màmá mi, tó ti Ìgbẹ́mọ wá tọ́jú orúnkún rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ń dá kọrin.

"Uṣẹ́ Olúwa ni! Alàgbà yín yà síbí lẹ́yìn tí o lọ. Ó fún mi lómi àdúrà mu."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ètè rẹ̀ ti dúdú bí ìka mi.