Ẹni Tó Gbé Ẹ̀rọ Wa Gòkè ní Agblangandan

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú àárò mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kùtọnu níbí, mo kí Bàámi níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Adébísí àti ìyàwó wọn. Ṣé ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, àgbàdo á ti máa yọrí. Òjò tiwa níbí ń fẹ́ wá láti orí òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ti jẹ ìdè ilẹ̀kùn yàrá mi dé ibi tó ń ké bí ẹyẹ.

Ara mi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Èdè Fọ̀n tí mo gbọ́ kò ju èyí tí mo fi ń ra tòmátì lọ, Faransé mi sì ń kọsẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń rín. Ẹ rántí pé ohun tí ẹ sọ fún mi ní gáréèjì ni pé kí n wá ẹni tó gbọ́ èdè wa, kí n rọ̀ mọ́ ọn. Mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó ti ibẹ̀ wá.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an, èmi náà á ní omi ni mò ń wọ̀n. Àlàyé rẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ kékeré la fi ń rìn lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọ èbúté. Ẹ̀rọ kan lábẹ́ ọkọ̀ náà ń ké sí ìsàlẹ̀ omi, ó ń gbọ́ ohùn tó padà, ó sì fi ń mọ bí omi ṣe jìn tó. Kọ̀ǹpútà á wá ya gbogbo rẹ̀ bí àwòrán. Àmọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wa wà, àti bí ìgbì ṣe gbé e ga tó. Sátẹ́láìtì ló ń sọ ìyẹn fún un, sátẹ́láìtì a sì máa ṣì í sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ẹ̀rọ mìíràn sórí òrùlé kan ní Agblangandan, nítòsí Kùtọnu níbí. A ti wọn ibi tó dúró sí àti gíga rẹ̀, a sì ti tẹ nọ́mbà wọn sínú ẹ̀rọ náà. Tí sátẹ́láìtì bá sọ fún un pé ibòmíràn ló wà, ó mọ bí àṣìṣe náà ṣe pọ̀ tó, á sì fi àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lójú omi. Iṣẹ́ tèmi ni láti so àtúnṣe yẹn mọ́ kọ̀ǹpútà. Tó bá ti ń wọlé, iná aláwọ̀ ewé á tàn.

Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gbé ẹ̀rọ orí òrùlé yẹn kúrò níbi tí a fi í sí, kò ní mọ̀. Á ṣì máa rò pé ibi àkọ́kọ́ lòun wà. Iná á ṣì máa tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan, irọ́ ni á sì máa fi ránṣẹ́.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Bádírù ló ni ilé iṣẹ́ náà, Nàgó ni, Yorùbá bíi tiwa, ará Ṣakété. Láti ọjọ́ tí mo dé ló ti ń pè mí ní àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń di oúnjẹ fún mi. Ẹnì kejì ni Kòjó, ọmọ Fọ̀n, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ orí òrùlé, òun ló ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a so ọkọ̀ wa mọ́ etí èbúté. Bí mo ṣe wo kọ̀ǹpútà, mo rí i pé àwòrán ọkọ̀ wa ti wọ inú ògiri. Mo wo igi ìwọ̀n tí wọ́n kùn nọ́mbà sí lára èbúté, mo rí ibi tí omi dé. Kọ̀ǹpútà ní omi fi bí ìwọ̀n apá kan relẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iná aláwọ̀ ewé sì ń tàn.

Màámi, ara fu mí. Ilé iṣẹ́ kan ló ń kó yanrìn kúrò lójú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ náà, àwòrán wa ló sì máa sọ bóyá wọ́n ti kó o tó. Pẹ̀lú àṣìṣe yìí, ìsàlẹ̀ omi á dà bíi pé ó jìn ju bó ṣe jìn lọ. Àwọn oníyanrìn á kẹ́rù wọn lọ. Ọkọ̀ ńlá tó bá gbára lé àwòrán náà á fi ìdí kanlẹ̀ tòun tàwọn tó wà nínú rẹ̀.

Mo yẹ gbogbo ohun tí mo tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà wò, bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀ ni wọ́n wà. Mo yí ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé sí i padà. Àṣìṣe náà kò lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Kòjó. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, á bọ́ síta. Tí mo bá dé, á yí ọ̀rọ̀ padà. Mo lọ sọ fún Ọ̀gá Bádírù. Ó mi orí, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní kí n máa ṣọ́ ara mi, pé àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ràn wa, kí n má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí òun á fi wádìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àní mo kúnlẹ̀.

Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Kòjó ní òun ń lọ pààrọ̀ bátìrì. Bátìrì yẹn kò tíì pẹ́ tó pààrọ̀ rẹ̀. Mo gun zẹ́mìjáàn, mo ní kí ọlọ́kadà náà máa tẹ̀ lé e lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tí mo fi máa gòkè dé orí òrùlé, mo bá a tó na téèpù ìwọ̀n, ó ń wo òkè. Ẹ̀rọ wa kò sí níbi tí a fi í sí mọ́. Orí pèpéle irin tí wọ́n gbé táǹkì omi lé ló wà.

Mo bi í pé ta ló rán an. Ó yí padà, ojú rẹ̀ le. Faransé àti Yorùbá ọjà ló fi dá mi lóhùn.

"Ìwọ ni mo wá mú. Ọ̀gá ní kí n máa ṣọ́ ẹ, pé àwọn ará òdìkejì bodè kò ṣeé gbọ́kàn lé."

Màámi, mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Ohun kan náà ni ọ̀gá sọ fún wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòjó náà ti rí àṣìṣe yẹn. Ó ti ń yọ́ mi wò bí mo ṣe ń yọ́ ọ wò, àti pé nítorí tèmi ló ṣe ń bọ́ síta tí fóònù bá dún.

A sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹni tó ni ilé, ìyá kan láti Pobè tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n fún wa ní omi mu. Wọ́n ní ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ ló wá, pé ó ní táǹkì tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń dí ẹ̀rọ náà lójú. Mo bi wọ́n bóyá òun nìkan ló wá. Wọ́n ní rárá, ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn oníyanrìn ló bá a gbé e gòkè.

Nígbà tí a kò ó lójú, Ọ̀gá Bádírù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbàgbé láti sọ fún wa ni, pé àwọn ọkùnrin yẹn kàn wà lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ran òun lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Táǹkì náà ga lóòótọ́. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò sì mọ̀ títí dòní. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni mo mọ̀. Ó ní kí a wọ̀n ọ́n dáadáa láti ọjọ́ yẹn lọ, kí a fi àwọn èyí tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò lè ṣe é. Ó wò mí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé èmi lo fẹ́ bà jẹ́ nítorí yanrìn?"

Èmi àti Kòjó padà sórí òrùlé, a wọn ibi tuntun tí ẹ̀rọ náà wà, a sì fi ìyàtọ̀ rẹ̀ tún gbogbo iṣẹ́ ẹ̀yìn ṣe. Bí mo ṣe ń ka nọ́mbà ló ń tẹ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà a yí ọwọ́ padà, nítorí a ò tíì gbọ́kàn lé ara wa tán. Àwòrán tó jáde fi hàn pé omi kò jìn tó níbi tí ọ̀nà náà ti kọ kọ́nà. A kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i, a sì gbé e lọ fún àwọn aláṣẹ èbúté. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ní kí a má wá síbi iṣẹ́ mọ́.

Mo gbọ́ pé Bọ̀dá Ràfíù tó mú mi mọ ọ̀gá ti wá bá yín nílé. Ó ní mo dalẹ̀ ẹni tó gbà mí, pé mo gbè sẹ́yìn Fọ̀n láti ba ọmọ Yorùbá jẹ́. Nígbà tí ẹ pè mí, ohùn yín tutù sí mi, ẹ ò sì bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà ni mi ò ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan. Mo gbé e síta kí gbogbo ará ilé kà á, kí Bọ̀dá Ràfíù náà kà á.

Àwọn aláṣẹ gba àwọn mìíràn láti wọn ibẹ̀, ohun tí a rí ni àwọn náà rí. Àwọn oníyanrìn padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wá wọ̀n ọ́n ti gba Kòjó síṣẹ́. Wọ́n ní kí èmi máa retí ìpè wọn, mo ń retí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń fà á lọ ń fu mí lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kòjó pè mí pé kí n wá sí etíkun. Ọkọ̀ ńlá kan tó ti ń dúró lọ́ọ̀ọ́kán ń wọlé bọ̀. A dúró wò ó. Ó dé kọ́nà yẹn. Ó rìn gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan wà lókè ọkọ̀ náà tó ń sá aṣọ, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa.

Màámi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Á ti Bàámi lẹ́yìn, á fún Ìyá Àgbà ní okun, á sì jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi máa gòkè. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé lọ́mọdé lágbà, àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kí n gbọ́ ohùn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá.