Iṣẹ́ Fúnmi Gbé Wa Padà sí Oǹdó

Bàbá mi àtàtà,

Báwo ni ibi tí ẹ wà? Ṣé ara tù yín níbẹ̀? Inú pálọ̀ yín ní Oǹdó ni mo ti ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu, torí Àkúrẹ́ ni mo fìdí kalẹ̀ sí nígbà tí ẹ lọ, títì pa sì ni ilé yìí wà láti ìgbà tí Màmá ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn. A ti kó padà wá o: èmi, Fúnmi ìyàwó mi, àti Tèmi, ọmọ wa tí ẹ kò dúró rí.

Ṣé ẹ rántí bí pálọ̀ yìí ṣe rí? Rédíò tó bàjẹ́ lórí àga, rédíò tó bàjẹ́ lábẹ́ àga. Àwọn tó bá wá gba rédíò tí ẹ bá wọn tún ṣe a jókòó ti àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, Màmá a sì bu oúnjẹ fún wọn. Tí rédíò tó ti fìyà jẹ yín bá sọ̀rọ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, gbogbo wa á mọ̀ pé ọjọ́ náà dára. Tó bá kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ ó dákẹ́, Màmá á sì rọra fi ẹja kan kún ọbẹ̀ yín.

Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì n'Ílárá-Mọ̀kín nìyẹn báyìí: bí iṣẹ́ àti ilé ṣe ń bára wọn gbé. Tíọ́rì pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní yàrá méjì ni wọ́n, ilẹ̀kùn wà láàrin, kéèyàn máa tì í. Àwọn mìíràn ní kò sí ilẹ̀kùn kankan, pé ayọ̀ tàbí ìbínú ibi iṣẹ́ yóò báni délé ni. Àwọn kan ní agbára èèyàn níwọ̀n, èyí tí iṣẹ́ bá gbà, ilé ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan sì ní rárá o, ohun tí a bá kọ́ nílé a máa mú wa mọ iṣẹ́ ṣe sí i, iṣẹ́ náà a sì máa tún ilé ṣe.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ ní kíláàsì.

“Sà, èwo nínú wọn ni ẹ̀yin ń lò nílé yín?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi wọ mọ́tò padà sí Àkúrẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ní kí Fúnmi wá máa ṣe olórí wọ́ọ̀dù àwọn aboyún ní ilé ìwòsàn kan níbí l'Óǹdó. Ohun tó ti ń wù ú látìgbà tó ti di nọ́ọ̀sì ni. Ó sì ti sọ fún mi pé òun ò ní gbà á.

Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

“Fúnmi, kí ló dé tí o fi fẹ́ kọ iṣẹ́ yẹn?”

Kò gbójú sókè. “Bàbá Tèmi, ta ni yóò máa múra fún ọmọ láàárọ̀? Wọ́ọ̀dù ò ní dúró dè mí.”

“Èmi ńkọ́?”

Ó wá wò mí. “Ẹ̀yin? Ṣé ẹ mọ irun dì?”

“Rárá. Ṣùgbọ́n mo lè kọ́ ọ.”

Ó jókòó lé aṣọ tó ti ká. Ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wù ú tó.

Ẹ̀rù ba èmi náà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi gbà kí kíláàsì mi kúrò ní àárọ̀, a kun ilé yín, a sì kó wọlé. Ká ní ẹ wà ńkọ́, ṣé ẹ̀ bá fi mí rẹ́rìn-ín ni, àbí ẹ̀ bá gbá mi mọ́ra?

Kò rọrùn lójoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, irun Tèmi ga lápá kan, ó rọ̀ lápá kejì. Ìyá rẹ̀ kàn fọwọ́ bo ẹnu ni. Onídìrí kan ní àdúgbò ló kọ́ mi bí a ṣe ń yà á kó lè gún. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ aboyún kan á ba Fúnmi nínú jẹ́ títí délé, a kì í da ìbéèrè bò ó, Tèmi á kàn lọ jókòó tì í. Mo ti dá akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn lóhùn níkẹyìn: mo ní gbogbo tíọ́rì wọ̀nyẹn là ń lò, ó wà lọ́wọ́ ọjọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mo lọ mú Tèmi nílé ìwé, mo bá tíṣà wọn níbi tó ti ń bi wọ́n léèrè iṣẹ́ òbí wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Màmá mi ń gbẹ̀bí,” ni Tèmi wí. “Bàbá mi ń dirun.”

“Irun nìkan ni?”

Ó ronú díẹ̀. “Wọ́n tún máa ń dín ẹyin.”

Bàbá mi, èmi tí mo kàwé títí wọ́n fi ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé, n kò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Mo na ọwọ́ sí i, a sì ń lọ sílé.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò ṣá lọ́kàn rẹ̀.