Okùn Tó Gba Orí Ilé Ìdáná Àlùhájà

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Àná la ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín. Ìrẹsì Ọ̀fàdà la sè. Ata rẹ̀ kò ta tó bí ẹ ṣe máa ń fẹ́ ẹ, síbẹ̀ gbogbo èèyàn yìn ín. Inú wọn ń bí mi.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́ mi ní ìrísí inú ìṣirò tí wọ́n ń pè ní kọ́ńfẹ́ẹ̀sì àti kọ́ńkéèfù? Ẹ fún mi ní etí okùn kan, ẹ fún bàbá mi ní èkejì, pé ká dúró síbi tó bá wù wá lórí ilẹ̀ wa. Bí okùn ò bá jáde kúrò nínú ilẹ̀ rárá, níbikíbi tá a bá dúró sí, kọ́ńfẹ́ẹ̀sì ni. Bó bá jáde lẹ́ẹ̀kan péré, kọ́ńkéèfù ni. Bàbá mi dúró lẹ́nu ilé, èmi dúró lẹ́yìn lọ́hùn-ún, okùn wa sì gba orí ilé ìdáná Àlùhájà aládùúgbò wa, tó wọnú ilẹ̀ wa bí ìgbà téèyàn bu àkàrà jẹ.

“Ìyá Tíṣà, ṣé orí òrùlé mi lẹ fẹ́ sá aṣọ sí ni?”

Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín.

Ẹ̀yìn yẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí yín láti ẹnu ilé, lẹ máa ń jókòó sí máàkì ìwé. Ibẹ̀ náà la sin yín sí.

Màmá, wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni olórí ẹbí, àwọn ló bá Àlùhájà sọ ọ́. Àlùhájà á gba ẹ̀yìn, àwa á gba ilẹ̀ wọn tó wà lẹ́bàá títì, kí ilẹ̀ wa lè gún, kí ògiri rẹ̀ má ṣe wọ́.

Bàbá Àgbà pa á lówe: “Ilẹ̀ wọ́rọ́kọ́ ní ń da ẹbí rú!”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Láàárọ̀ yìí, bíríkìlà na okùn láti èèkàn dé èèkàn. Okùn náà fi yín síta. Mo lọ dúró sójú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún! Ẹ ń jẹ́ kí okùn mi wọ́!”

Mo sún. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé ẹ ń bínú sí bàbá mi? Kí ni mo lè sọ fún Bàbá Àgbà tí wọn ò ní pè é ní àfojúdi? Èmi náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì yín báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dé orí gíráàfù tó rí bí igbá tá a ṣí sílẹ̀ àti èyí tó rí bí igbá tá a dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo fẹ́ fa ìlà láti etí kan igbá náà dé etí kejì, mo rántí okùn wa, mo bá ní kí wọ́n máa ka ìwé.

Nírọ̀lẹ́ yìí mo kọjá sọ́dọ̀ Àlùhájà. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí mo fi bú sẹ́kún.

“Ẹnu ọ̀nà mi nìyẹn, ọmọ mi, máa wọlé. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ẹ o, àwọn ọmọ mi lè kọ́lé síbẹ̀ lọ́la.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Títì ni màá máa gbà, màá yí ká, màá gba ọ̀dọ̀ wọn wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì gbà mí láàyè, màá máa wá tu koríko orí sàréè yín ní gbogbo Jímọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.