Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Àkójọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Ìwé tuntun nìyí, kò tíì mọ ará ilé. Nítorí náà: Rọ̀bọ̀tọ̀ ni àbúrò mi obìnrin, opó, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. A jọ ń gbé ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Rọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára bí awọ.

Ó ti ilé ìwòsàn dé lónìí, ojú rẹ̀ le bí ẹ̀yìn ìjàpá. Òṣùwọ̀n wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, tábìlì akọ̀wé wà ní ìparí rẹ̀, bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn wà láàárín. Nọ́ọ̀sì á wo nọ́ńbà, á pè é sókè, akọ̀wé á kọ ọ́. Ó wá kan tiwa: "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún! Ìyá yìí ti sanra jù o!" Bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan tilẹ̀ kí i kú oríire. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì, ó jáde, láìgba òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó tìtorí ẹ̀ lọ. Ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́ láyé. Wọn kì í sì í fúnni lóògùn láìgun òṣùwọ̀n.

Hóró mẹ́sàn-án ló kù nínú ìgò. Ọ̀kan láràárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Mo lọ bá dókítà. Ẹni ogójì ọdún, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti pé ọgọ́rin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré ni mo ń pè é — níbí nìkan. Kí n tó la ẹnu, ó ní orí ló gbé mi wá: òun fẹ́ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri, kí n bá òun tún Yorùbá rẹ̀ ṣe. Mo kà á: "Ìkìlọ̀ Pàtàkì Nípa Àpọ̀jù Ọ̀rá Inú Àgọ́ Ara." Mo kọ́kọ́ rò pé orúkọ ìgbìmọ̀ ni.

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ló lé àbúrò mi jáde, ọ̀rọ̀ náà ló máa mú un padà. Kí n ṣáà rí èyí tó tọ́. Ogójì ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè, ṣé lásán ni?

Àkójọ bẹ̀rẹ̀. Sanra. Tóbi. Ki. Sìgbọnlẹ̀. Ọ̀rọ̀bọ̀. Lódìkejì: rù, gbẹ, tín-ín-rín, pẹ́lẹ́ńgẹ́, lẹ́pa. Mẹ́wàá géérégé.

Ọjọ́rú, 8
Télọ̀ ìkóríta. Obìnrin yìí ti fi téèpù yí ìdajì àdúgbò po. Mo bi í pé kí ló máa ń sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu: "Tíṣà, n kì í sọ nǹkan kan. Mo ń wọ̀n ọ́n, mo ń kọ ọ́, mo ń pa ìwé dé. Tí mo bá pe nọ́ńbà sókè, onítọ̀hún ò ní gbé aṣọ wá mọ́ nìyẹn."

Tó bá wá bèèrè ìdí tí aṣọ àtijọ́ ò fi wọlé mọ́ ńkọ́?

"Màá ní aṣọ náà ló sún kì."

Ogún ọdún ló ti ń parọ́ mọ́ aṣọ. Aṣọ ò sì fẹjọ́ sùn rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Onígbàjámọ̀ mi tín-ín-rín. Mo ti rò pé irú wọn ò lẹ́jọ́ láti rò. "Ta ló sọ fún yín? Ẹni tó bá ti jókòó síbí, á ní, 'Ọ̀gá, ẹ ti rù o, ṣé kò sí?' Ìyàwó mi ò lè kọjá níta. Wọ́n ní kì í fún mi lóúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ mo ń jẹ ju màlúù lọ!" Bó ṣe ń gbóná sí i ni abẹ ń rìn létí mi. Mo ti ìwé mi bọ àpò. Ìwádìí ní ibi tó ń dé dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ọmọbìnrin méjì níwájú ilé. Ọ̀kan pe èkejì ní "ọ̀rọ̀bọ̀ mi", wọ́n dì mọ́ra wọn. Ọkùnrin kan tó ń kọjá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, òun náà fi kí ọmọ náà — díẹ̀ ló kù kó ju bàtà lù ú. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. N ò mọ ibi tí n ó kọ ìyẹn sí nínú àkójọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Mo gbé àkójọ fún Rọ̀bọ̀tọ̀ pé kó máàkì èyí tó dùn ún. Ó wọ awò ojú, ó fi ìka tọ̀ ọ́ wálẹ̀. "Èyí ò ṣe nǹkan kan. Èyí náà ò ṣe nǹkan kan. Èyí, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́." Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó dá ìwé padà fún mi. "Bọ̀ọ̀dá, èyí tó ń dùn mí ò sí níbẹ̀."

Èwo? Ó ti wọlé, ó ti pa ilẹ̀kùn dé. Mo tú ìwé atúmọ̀ èdè títí ọ̀sán fi pọ́n. N kò rí i.

Hóró mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, 13
Mo sọ ọgbọ́n télọ̀ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Kékeré: kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n má pè é. Ó ní ètò ìgbékalẹ̀ iṣẹ́ àwọn kò fàyè gba irú àtúntò bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀fun ń dun èmi náà. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ni ìwé wà, akọ̀wé sì jìnnà."

Ta ló gbé tábìlì akọ̀wé síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Èmi, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá. Ètò ìgbékalẹ̀ ò sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Mo fi ìdùnnú kan ilẹ̀kùn rẹ̀: "Rọ̀bọ̀tọ̀, dìde, wọn ò ní í pariwo mọ́!"

Kò dìde. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní nọ́ọ̀sì ò mọ òun rí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò lè wọ òun lára. Ẹ̀rín bẹ́ǹṣì yẹn ni. Ó ní bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín ni òun tún di ọmọ ọdún mẹ́jọ nínú ọgbà ilé ìwé, tí gbogbo kíláàsì ń pàtẹ́wọ́ sí orúkọ tí mo sọ òun. Pé mo pè é níbi ìgbéyàwó òun, lórí gbohùngbohùn. Pé mo pè é níbi ìsìnkú ọkọ òun.

Mo ní, "Ìfẹ́ ni mo fi ń pè ọ́."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta."

Mo dìde, mo rọra fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

Hóró kan.

Ọjọ́rú, 15
Ó lo èyí tó kẹ́yìn láàárọ̀.

Mo ṣí ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣa ọ̀rọ̀ kiri àdúgbò, èyí tí mo ń wá wà lábẹ́ báírò èmi fúnra mi. Mo mú báírò pupa, mo fa ìlà kan ṣoṣo la orúkọ náà já níbi gbogbo tí mo kọ ọ́ sí. N kò kùn ún dúdú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, kí olùkọ́ lè rí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ.

Lẹ́yìn náà mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Láìsí àwíjàre. Ó ní òun gbọ́. Kò ní òun ti dárí jì mí o. Ó ní òun gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16
Òun ló kan ilẹ̀kùn mi lónìí. Ó ti wọ bàtà.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ta lẹ mú wá?" Mo la ẹnu, orúkọ àtijọ́ ti dé orí ahọ́n — mo gbé e mì. Mo ní, "Àbúrò mi ni." Àbúrò mi wò mí fìrí.

Ó gun òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ bo ìwé bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, akọ̀wé gan-an ò gbọ́ kinní kan. Bẹ́ǹṣì na ọrùn títí, pàbó. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ bá yíjú sí wọn: "Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún náà ni o. Ta ló fẹ́ bá mi gbé díẹ̀ nínú ẹ̀?" Bẹ́ǹṣì tún bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó gba òògùn oṣù kan.

Mo fún dókítà (bẹ́ẹ̀ ni, dókítà) ní ìwé ògiri rẹ̀: "Ẹ wá gun òṣùwọ̀n. A kì í pariwo." Ó ní ọ̀rọ̀ tí mo lọ wá ńkọ́? Mo ní n kò rí i.

Lójú ọ̀nà: "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ó wá máa pè mí báyìí?"

"Ohun tó o bá ní kí n máa pè ọ́."

"Màá rò ó."

Ọjọ́ Ẹtì, 17
.................... ti lo òògùn rẹ̀.