Yudelka, Ṣé Ìwọ Lo Ní Kí Wọ́n Lé Rosmel Jáde?

Loma Quemada,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ọdún yìí ti parí.

Yudelka ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ká ní o wà níwájú mi ni, ohun tí wàá kọ́kọ́ sọ ni pé Bàbá, ẹ súre fún mi, nítorí náà mo ti dáhùn sílẹ̀ kí o tó béèrè: kí Ọlọ́run bùkún fún ọ, kí Wúńdíá Altagracia fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́ ní olú ìlú tí o wà yẹn, kí oúnjẹ má wọ́n ọ, kí àwọn tó ń fi alùpùpù já báàgì gbà má rí tìẹ rárá. Ara mi le, àfi orúnkún. Ara ìyá rẹ náà le, àfi pé kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ méjì, abo ni méjèèjì. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ti ń tanná. Ìròyìn tó dára parí síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Mi ò mọ iye àwọn tó ń gbọ́ ohùn rẹ níbi iṣẹ́ yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ìpè tèmi dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ló máa gbé e wá, mo sì ti fi àtè lẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta torí pé awakọ̀ náà máa ń tojú bọ nǹkan oní-nǹkan. Ọmọ mi, àyà mi já. Ó já lọ́jọ́ Àìkú, ó tún já lọ́jọ́ Rú, bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí kò tíì padà sáyè rẹ̀.

Jẹ́ kí n tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ kí o lè mọ ohun tí o ṣe. O mọ̀ pé láti ọmọdé ni mo ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ Akàn, àti pé mi ò wo ojú ẹgbẹ́ mìíràn rí. Nígbà tí béèsìbọ́ọ̀lù ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá, wọ́n na Akàn ní ẹ̀ẹ̀mẹfà léraléra. Wọ́n gbé ajùbọ́ọ̀lù kan wá láti Amẹ́ríkà, ó ga gògòrò, gbogbo wa ní àsìkò wa dé, ó ju bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé ìyá rẹ̀. Mo ṣí fìlà Akàn mi lórí, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì kọjú rẹ̀ sí ara ògiri kó má baà rí mi. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sunkún nítorí eré, ṣùgbọ́n ìyá rẹ lè sọ bí oúnjẹ ṣe ń padà sí ìkòkò.

Lóṣù Kejìlá ni wọ́n wá pe Rosmel. Rosmel tiwa, ọmọ Bienvenida tí ògiri ilé wọn kan tiwa, tí mo gbé sọ́wọ́ níwájú fadá níbi tí wọ́n ti sàmì sí i lórí, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ̀yìn ilé wa níbí ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ àti ìdérí ike omi, ìwọ lo sì máa ń ju ìdérí náà sí i. Láti ọjọ́ tí ó ti wọ aṣọ pupa yẹn ni Akàn ti yí padà. Wọ́n na èyí, wọ́n na tọ̀hún, ká tó mọ̀, wọ́n ti wọ àṣekágbá pẹ̀lú àwọn Àṣá, ó sì di mẹ́ta sí mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan tí yóò dé ẹnì kan ládé. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ fìlà mi, mo sì dé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbá a. Gbogbo abúlé wà ní ṣọ́ọ̀bù Nereida nítorí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n ńlá. Bienvenida jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wé ọwọ́. Plutarco nìkan ló wọ aṣọ Àṣá, o mọ̀ ọ́n, alátakò ni láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ìpele kẹsàn-án tó kẹ́yìn dé, Àṣá fi ẹyọ kan ṣáájú, àwa sì ti pàdánù ẹni méjì, ẹni kẹta tó bá jáde, ó parí fún wa. Rosmel wà lórí béèsì kejì. Ẹni tó ń gbá a fọ́ bọ́ọ̀lù lọ sí ọ̀tún, Rosmel já eré, ó yí béèsì kẹta, ẹni tó ń ṣọ́ béèsì ilé tí Rosmel gbọ́dọ̀ kàn gba bọ́ọ̀lù, Rosmel fi àyà wọ́lẹ̀, eruku sọ, rẹfirí sì na apá méjèèjì pé ó wọlé. Mo rí i. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i, ọwọ́ rẹ̀ kan béèsì. Rosmel fò sókè, ó ń gbá àyà. Bienvenida kúnlẹ̀ sáàárín àpò ìrẹsì.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá àwọn Àṣá ti jáde, tó fi ìka ya àpótí sójú òfuurufú, pé kí wọ́n tún un wò. Àwọn rẹfirí rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n gbé nǹkan dúdú kan fún wọn, wọ́n sì gbé e sórí, ó bo etí méjèèjì, ó ní igi tín-ín-rín kan níwájú ẹnu. Asọ̀ròyìn ní wọ́n ń pe àwọn tó wà ní olú ìlú kí wọ́n bá wọn wò ó lójú ẹ̀rọ. Yudelka, orí mi wú. Nǹkan tó wà lórí rẹ nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ni. Èyí tí mo ti fi han gbogbo ẹni tó wá ra iyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìwọ fúnra rẹ lo sì ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún wa nígbà Kérésìmesì pé àwọn tí o kò mọ̀ rí máa ń pè ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á rojọ́, ìwọ á wo kọ̀ǹpútà, ìwọ á sì sọ fún wọn bóyá ó ṣeé ṣe tàbí kò ṣeé ṣe, ọ̀rọ̀ sì parí.

Mo dìde dúró. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ọmọ mi ni wọ́n ń pè yẹn. Àwọn kan ń wò mí bí ẹni tó ti mutí yó, ni mo bá yọ fóònù, mo pè ọ́ lójú gbogbo wọn, obìnrin kan sì dáhùn pé ẹni tí mo ń pè kò lè gba ìpè báyìí. Mo gbé e sí etí Nereida kó gbọ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́? Bienvenida dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní ọmọ tí òun fi ẹ̀wà òun bọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, Ọlọ́run kò sùn. Mo sọ fún Plutarco pé kó máa múra ilé. Mo jókòó, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Rẹfirí ṣí nǹkan náà lórí, ó rìn padà, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì gbé e sókè. Rosmel jáde. Bọ́ọ̀lù parí. Ọdún parí.

Kò sẹ́ni tó wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, èmi ni gbogbo wọn ń wò. Bienvenida yọ ọwọ́ kúrò lọ́rùn mi díẹ̀díẹ̀, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ó sì jáde. Plutarco ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, ó ní àwọn Àṣá kò ní gbàgbé oore tí ilé mi ṣe fún wọn láyé.

Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá kì í ṣe ìwọ. Mo fẹ́ kó má jẹ́ ìwọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, o fi ohùn ránṣẹ́ pé mo pè ọ́, pé o ò rí i gbà, pé iṣẹ́ le gan-an lọ́jọ́ Àìkú, pé ọkùnrin kan tilẹ̀ bú ọ burúkú burúkú nítorí o sọ fún un pé òfin kò gbà á. Mo mọ ọkùnrin náà, ọ̀gá Akàn ni, mo rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń lọ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìyá rẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀, ta ló rán mi pé kí n máa gbé fọ́tò kiri.

Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bienvenida ti máa ń na kọfí òwúrọ̀ sí mi lórí ògiri. Láti ọjọ́ Ajé, kò sí kọfí. Mo ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù ọwọ́ mi bí alágbe, mo sì ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òdìkejì. Plutarco ń sọ kiri pé o gbẹ̀san ni, nítorí Rosmel bá ọmọbìnrin kan láti abúlé Los Cacaos jó lọ́jọ́ ọdún ìjọ, tó sì fi ọ́ sílẹ̀ lórí àga. Mo sọ fún un pé ọmọ tèmi kì í fi ijó ṣèdájọ́. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ, nínú ikùn mi, mo bínú sí ọ. Mo ní kí ló dé tí ọmọ yìí kò lè fi ojú fo ẹyọ kan ṣoṣo, fún ilé, fún mi.

Ọjọ́ Rú ni Rosmel dé láti ìgboro. Ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń gé koríko fún ewúrẹ́. Mo ju àdá sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ lórúkọ rẹ, mo ní kó má bínú, pé iṣẹ́ ìjọba ni, pé wọ́n lè máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá ìsàmì, mi ò kan béèsì yẹn. Ọwọ́ mi gbòkè rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo kàn fò sókè kí wọ́n lè rò pé mo kàn án ni."

Mo jókòó sórí koríko. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ìyá òun kò gbọ́dọ̀ gbọ́, nítorí pé ó ti san owó ìsìn Máàsì fún ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó sì ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun kì í ṣe èké. Oṣù tó ń bọ̀ sì ni Akàn máa sọ ẹni tí wọ́n máa mú lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, Yudelka, ó ń sunkún bí ìgbà tí oyin ta á létí. Mo ṣèlérí fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bínú sí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ òtítọ́ nínú gbogbo wa. Dárí jì mí. Mo lè wẹ orúkọ rẹ mọ́ lọ́la yìí, kí n kàn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kí n sọ ohun tí mo gbọ́, ṣùgbọ́n Rosmel ni yóò gbé ìtìjú náà, kò sì ní èjìká tó lè fi rù ú. Ìwọ lágbára jù ú lọ, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o bá mi rù ú. Tí o bá wálé nígbà Àjíǹde, má ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Tí Bienvenida kò bá kí ọ, ìwọ kọ́kọ́ kí i.

Nísinsìnyí ọ̀rọ̀ owó. Mo fẹ́ kí o fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè ra awò ojú. Mo rí ọwọ́ ọmọ yẹn lórí béèsì kedere, bí mo ṣe ń rí bébà yìí. Ìwọ ní kò kan án, ẹni tó ni ọwọ́ náà ní kò kan án, ó tùmọ̀ sí pé ojú mi ló ti bàjẹ́, mi ò sì mọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sinmi láti ọjọ́ Rú nítorí àwọn rẹfirí. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń bú wọn, tí mo ń bú ìyá tó bí wọn, tí mo ń pè wọ́n ní afọ́jú, nígbà mìíràn níwájú rẹ nígbà tí o wà ní kékeré. Mi ò ronú rí pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní bàbá níbì kan, tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń wò lójú.

Kí Ọlọ́run bùkún fún ọ, ọmọ mi. Kó fún ọ ní ojú tó ń ríran àti etí tó lè gba èébú. Tí ọ̀gá Akàn bá tún pè ọ́, sọ fún un pé mo kí i, ṣùgbọ́n kó má bú ọ mọ́.

Èmi ni,
Herminio, bàbá rẹfirí.