Tíṣà Fèrè, Tó Ń Bèèrè Ọjọ́ Orí Kó Tó Fọn Fèrè: Ìgbésí Ayé Màmá Deborah Bọ́lánlé Oyèkúnlé

"Ọdún wo gan-an ni wọ́n bí Màmá?"

Akọ̀wé ìjọ, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí, ló bèèrè ọ̀rọ̀ yìí ní pálọ̀ olóògbé ní ọjọ́ kẹta tí Màmá papòdà. Bírò wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé àwọn atẹ̀wé ń dúró de ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ètò ìsìnkú yìí. Èsì méjì ni àwọn ọmọ ní. Ìwé ẹ̀rí tí Màmá gbà jáde nílé-ẹ̀kọ́ sọ pé 1952. Ìwé ìrìbọmi wọn, tí wọ́n ká sínú Bíbélì bàbá wọn, sọ pé 1949. Ká ní ìyá ẹlòmíì ni, à bá mú ọ̀kan nínú méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ṣùgbọ́n ìyá tó lo ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà lẹ́nu ìlà eré, nítorí pé òbí gé ọdún kúrò lára ọjọ́ orí wọn, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Bó bá wá jẹ́ pé Màmá fúnra wọn gé tiwọn ńkọ́? Ohun tó dí gbogbo ẹnu nìyẹn. Ẹbí fi àlàfo sílẹ̀ níbi ọdún ìbí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí tó dá wọn lójú.

Ó dájú pé ọmọ bíbí ìlú Ẹdẹ ni Màmá Deborah Bọ́lánlé Oyèkúnlé. Bàbá wọn ni Olóògbé Jacob Àtàndá, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan ìdajì àwọn àga tí ẹ jókòó lé nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ìyá wọn ni Olóògbé Àwáwù, ọmọ àgbẹ̀ láti ìlú Ara. Jacob kò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Àwáwù kò fi ìrun kíkí sílẹ̀, wọ́n sì jọ gbé títí ikú fi yà wọ́n. Màmá a máa sọ pé ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹran iléyá, tí wọ́n tún ń jẹ ìrẹsì Kérésì ni wọ́n ti bí òun, kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè ibi tí agbára ẹsẹ̀ òun ti wá.

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá wọn ní Ara ni wọ́n ti kọ́kọ́ dàgbà. Ibẹ̀ náà ni eré sísá ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá rán wọn níyọ̀, wọ́n á ti padà dé kí omi ọbẹ̀ tó hó. Ní 1958, bàbá wọn lọ mú wọn wá sí Ẹdẹ láti wọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà náà, bí ọmọ bá na ọwọ́ kọjá àtàrí, tí ìka rẹ̀ sì kan etí òdìkejì, ó ti tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní nìyẹn. Ọwọ́ Bọ́lánlé kò kan etí, ó kọjá rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó wo bàbá, ó wo ọmọ, ó sì kọ nǹkan kan sínú rẹ́jísítà. Ohun tó kọ, Jacob tí kò mọ̀wé kò bèèrè.

Wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1971, wọ́n sì gba ti ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní Ìbàdàn ní 1975, níbi tí wọ́n ti ju ọ̀kọ̀ débi pé ẹni tó ń wọn ilẹ̀ ní láti lọ wá okùn mìíràn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹdẹ níhìn-ín. Ní oṣù kejìlá ọdún 1977, wọ́n fẹ́ Olóògbé Daniel Oyèkúnlé, atún-rédíò-ṣe, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó máa ń sọ pé òun nìkan ni ọkọ tí ìyàwó ń fi fèrè pè wá jẹun ní gbogbo ìlú yìí.

Fèrè yìí ló sọ wọ́n ní Tíṣà Fèrè. Ẹni tó bá fẹ́ sáré lábẹ́ Tíṣà Fèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ná. Wọ́n á wo rẹ́jísítà bóyá ọmọ náà ń wá sí kíláàsì, wọ́n á wo ìwé ìdánwò rẹ̀, wọ́n á sì béèrè ìwé ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò, abẹ́ igi máńgòrò létí pápá ni yóò ti máa ṣe ìṣirò, yóò sì máa fetí gbọ́ gìrìgìrì ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ibẹ̀ mọ ìṣirò, kì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìwà wá le ju ìwé lọ lọ́wọ́ wọn. Nígbà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa fi ìbínú ta korobá omi àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Awo nù lẹ́yìn tí wọ́n na ilé-ẹ̀kọ́ wa ní àmì ayò kan sí òdo, Màmá mú un lọ sí Awo lọ́jọ́ kejì. Ó pọn omi fún gbogbo ẹgbẹ́ náà títí tí wọ́n fi ṣe eré ìmárale tán. Àwọn ọmọ Awo ń kí i pé "ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá" bó ṣe ń kọjá. Ọkùnrin náà wà láàárín yín lónìí, ó sì ti fún ẹbí láyè láti sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ.

Kò sí owó eré láti òkè. Bí ọdún ìdíje bá dé, Màmá ni yóò máa ti ilé kan dé èkejì. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kànfáàsì ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní owó a máa sọnù lọ́nà, ṣùgbọ́n bàtà kì í sọnù lẹ́sẹ̀.

Ọdún 1998 ni àwọn ará Ẹdẹ kò gbàgbé. Ọdún náà ni Alhaji Afọlábí, oníṣòwò pákó, ra jẹ́sì tuntun fún ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n sì ṣèlérí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn lọ sí ìdíje ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo. Ọmọ wọn, Kaosarah, ló ń sáré gbẹ̀yìn nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀pá bá ti kan Kaosarah lọ́wọ́, àwọn yòókù a kàn máa sáré kí wọ́n lè sọ pé wọ́n sáré ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìdíje náà wà fún. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìdíje, ìyẹn ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá, Màmá rí i pé inki tí wọ́n fi kọ ọdún sínú ìwé ọjọ́ orí Kaosarah yàtọ̀ sí inki tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò purọ́. Ó ní ọdún méjì ni òun fi jókòó sílé nígbà tí àìsàn dá ìyá òun dúbúlẹ̀, pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni òun. Màmá yọ orúkọ rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, Alhaji ti dé orí pápá. Wọn kò pariwo. Wọ́n dúró níwájú gbogbo ọmọ àti olùkọ́, wọ́n ní:

"Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọjọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ, ta ló ti ka tiyín?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn rí Tíṣà Fèrè tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Alhaji ní kí wọ́n máa wá bọ́ọ̀sì mìíràn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Àwọn olùkọ́ kan bẹ Màmá pé kí wọ́n fojú fo ọ̀rọ̀ náà, pé gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ń ṣe é. Màmá ní bí gbogbo ilé bá ń jò, ìyẹn kò ní kí òjò má pa ẹni tó wà nínú tirẹ̀. Wọ́n fi Mubarakah, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó máa ń tijú, sí ipò Kaosarah. Wọ́n wá gbé aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé Kaosarah fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sá a. Kọ́ ọ." Kaosarah sunkún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ Mubarakah bí ẹni pé òun ni Tíṣà Fèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá, Usamah tó ń fi típà kó yanrìn létí odò Ọ̀ṣun ló gbé wọn. Ó gbá ẹ̀yìn ọkọ̀, ó tẹ́ ẹní sí i, síbẹ̀ yanrìn kún irun wọn nígbà tí wọ́n fi máa dé Òṣogbo. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó gbé bọ́ọ̀sì wá bi wọ́n bóyá ilé ni wọ́n fẹ́ wá mọ. Kò pẹ́ tí àwọn alákòóso fi tẹ́ tábìlì sílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ ìwé gbogbo ọmọ wò lọ́tẹ̀ yìí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá padà sínú bọ́ọ̀sì wọn. Ìwé àwọn ọmọ Ẹdẹ kò ní àléébù kankan.

Àwọn tó kù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ipò kẹta ni ọ̀pá wà nígbà tó dé ọwọ́ Mubarakah. Kaosarah ń sáré létí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aago lọ́wọ́, ó ń pariwo pé, "Má wo ẹ̀yìn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Mubarakah kò wo ẹ̀yìn. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ó ti já okùn.

Bí wọ́n ṣe ń gbé ife-ẹ̀yẹ jáde, bọ́ọ̀sì Alhaji wọlé sí pápá. Ìròyìn ti dé Ẹdẹ. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ náà, wọ́n ní kó kí ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó gbé wọn wá ni yóò gbé wọn padà. Bí wọ́n ṣe wọ Ẹdẹ nìyẹn: típà yanrìn níwájú, àwọn ọmọbìnrin dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife lókè, bọ́ọ̀sì olówó ńlá ń tẹ̀lé wọn lófìfo. Àwọn ọlọ́kadà tò tẹ̀lé wọn láti ẹnu bodè títí dé àárín ìlú. Ní Kérésì ọdún náà, Alhaji Afọlábí gbé àgbò wá kí Màmá. Wọ́n jókòó sórí àga tó wà lábẹ́ fèrèsé ní pálọ̀, wọ́n jẹ ìrẹsì méjì àbọ̀ àwo, kò sì sí Kérésì kan lẹ́yìn náà tí wọn kò wá jókòó sórí àga yẹn. Lónìí, Kaosarah ni olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Màmá fẹ̀yìn tì ní oṣù kẹjọ ọdún 2009. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ó ṣì ku nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó pé ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, pé agbára ṣì wà. Màmá ní ọjọ́ ti pé. Bàbá Daniel papòdà ní 2011, Màmá kò sì jókòó. Wọ́n jẹ́ akápò Ẹgbẹ́ Ìyá nínú ìjọ, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àràárọ̀ Sátidé ni wọ́n sì ń wà lórí pápá títí di oṣù tó ṣáájú ikú wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀, Màmá sùn nínú Olúwa.

Ọmọ mẹ́ta ló gbẹ̀yìn wọn: Tèmídayọ̀, Gbénró àti Mofẹ́, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ táá-tàà-tá, àti àìmọye ọmọ tí wọ́n fi fèrè tọ́.

Àlàfo yẹn ṣì wà níbẹ̀ di ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ọmọ fẹ́ gbé àwòrán ńlá Màmá kọ́ sí ògiri pálọ̀. Alhaji Afọlábí ti wá bá wọn kẹ́dùn, wọ́n jókòó sí ààyè wọn lábẹ́ fèrèsé. Tèmídayọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún díẹ̀, kí òun lè gun àga láti sọ lẹ́tà onígíláàsì tó wà lókè orí wọn kalẹ̀. Gbogbo ilé mọ lẹ́tà náà sí lẹ́tà ìyìn fún ife-ẹ̀yẹ, nítorí pé ìgbà tí wọ́n gba ife náà ni wọ́n gbé e kọ́. Ìjọba ló kọ ọ́ sí Màmá, ẹnikẹ́ni kò sì kà á kọjá òǹtẹ̀ rí. Tèmídayọ̀ fi aṣọ nu gíláàsì náà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́. Ó kà á síta:

"Ní ìdáhùn sí lẹ́tà yín ti ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 1998, nínú èyí tí ẹ ti sọ fún wa pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n gé kúrò lára ọjọ́ orí yín nígbà tí ẹ wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ẹ sì béèrè pé kí a dá a padà gẹ́gẹ́ bí ìwé ìrìbọmi yín, a ti ṣe àtúnṣe náà. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2009 ni ẹ óò fẹ̀yìn tì, ní ọmọ ọgọ́ta ọdún."

Ọjọ́ kejì tí Alhaji bi wọ́n léèrè lórí pápá ni Màmá ti kọ lẹ́tà náà, ọjọ́ méjì kí típà tó gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ yẹ ìwé àwọn ọmọ wò.

Alhaji gbé ojú sókè. Wọ́n ní: "Tún un kà, ọmọ mi." Tèmídayọ̀ tún un kà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 1949 ni wọ́n bí Màmá Deborah Bọ́lánlé Oyèkúnlé ní ìlú Ẹdẹ. Ẹ sùn ire, ọmọ Àtàndá. Ilẹ̀ á tẹ́ yín lára o.