Ọwọ́ Àdúrà Bàbá Sàfú

Ṣakí, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Sàfú wá lónìí kí n yẹ apá wọn wò. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, nígbà tí ọ̀kadà gbé wọn ṣubú lọ́nà Ìgbòho, tí egungun méjèèjì apá ọ̀tún wọn dá láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́.

"Dókítà, ẹ wo bó ṣe gún gbọọrọ!" Wọ́n ti padà sóko iṣu.

Ó gún lóòótọ́. Ẹ̀bi mi gan-an nìyẹn. Ọ̀kan nínú egungun méjì yẹn tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun. Títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó lè yí lórí èkejì téèyàn bá fẹ́ ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó yẹ kí n tẹ irin pẹlẹbẹ tí mo fi to egungun náà kó bá a mu kí n tó fi ìdè dè é mọ́ ọn. Egungun ni mo fà wá bá irin. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, àmọ́ ṣé àwíjàre nìyẹn...

Ó sì ti jinná báyìí. Tí n bá fẹ́ tún un ṣe, àfi kí n tún egungun náà dá.

Mi ò sọ fún wọn.

Wọ́n ní àwọn ò lè lọ láìṣàdúrà fún mi. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Àtẹ́lẹwọ́ òsì ṣí. Tọ̀tún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi pé wọ́n fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n fi òsì tì í, kò yí, wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

"Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín ṣàṣìṣe láéláé."

Mo ṣe àmín.